Ta Ni Yóò Máa Pa Ẹ̀rọ Ìyá?

Ọjọ́ kẹta, oṣù kejì

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú òtútù ibẹ̀, ẹ kú àìrí ara ẹni láti ọjọ́ yìí wá. Ìyá ní kí n béèrè bóyá ikọ́ yẹn ti fi yín sílẹ̀. Ara tiwọn náà le, àfi orúnkún tó máa ń dùn wọ́n bí wọ́n bá dúró pẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin tó ń rọbí. Àwa yòókù wà bí ẹ ṣe fi wá sílẹ̀.

Ẹ ní kí n má máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ dí yín lọ́wọ́ níbi iṣẹ́, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ lẹ́tà sórí íméèlì. Ẹ sì mọ̀ mí: ohun tí ẹnu mi ò bá lè sọ tán, ọwọ́ mi á kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ sáfà ni, kọ̀ǹpútà àgbà yẹn. Láti ìgbà tí ẹ ti gbé e sínú yàrá kékeré ẹ̀yìn yàrá àyẹ̀wò ilé ìgbẹ̀bí Ìyá, tí ẹ sì ní kí wọ́n kó gbogbo káàdì onípépà dà nù, inú rẹ̀ ni àkọsílẹ̀ gbogbo aláboyún wà. Bí kò bá tíì ṣiṣẹ́, kọ̀ǹpútà iwájú mi àti ti nọ́ọ̀sì kò mọ ẹnì kankan. Tí mo bá tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ láàárọ̀, iná rẹ̀ á tàn, fáànù rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ojú dúdú yẹn á jáde, á béèrè pásíwọ́ọ̀dù ọ̀gá tí ẹ̀yin nìkan mọ̀, á sì dúró. Èmi náà á dúró. Màá ránṣẹ́ sí yín. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ lọ́dọ̀ yín nígbà náà, ẹ ṣì ń sùn. Ìgbà tí ẹ bá tó jí, tí ẹ gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì wọlé, tí ẹ tẹ àṣẹ tó ń ṣí àkọsílẹ̀, nígbà náà ni iṣẹ́ wa tó bẹ̀rẹ̀. Bó ṣe rí náà ni lálẹ́ tí a bá fẹ́ pa á.

Àga gígùn ọ̀dẹ̀dẹ̀ kún fọ́fọ́ lánàá. Obìnrin kan tí ikùn rẹ̀ ti wálẹ̀ dìde, ó rọra wá sẹ́nu fèrèsé mi. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí là ń retí?" Mo ní à ń retí kí ẹ̀gbọ́n mi tó wà lókè òkun jí lójú oorun. Ó wò mí. Ó ní, "Ṣé òun ló máa gbẹ̀bí mi ni?" Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ìyá ò rẹ́rìn-ín.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹ fún mi ní pásíwọ́ọ̀dù náà. Àṣẹ méjì péré ni màá fi ṣe, èyí tó ń tan án àti èyí tó ń pa á. Mi ò ní fọwọ́ kan ohun mìíràn. Ẹ ti mọ̀ pé mi ò kì í tọwọ́ bọ ohun tí wọn ò bá ní kí n tọwọ́ bọ̀.

Ìyá kí yín púpọ̀. Èmi náà kí yín.

Àbúrò yín,
Adákẹ́


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kejì

Adákẹ́ mi,

Mo kí ọ. Bá mi kí Ìyá, sọ fún wọn pé ikọ́ ti lọ, òtútù ló kù. Máa bá wọn fi omi gbígbóná ra orúnkún yẹn, má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n máa ṣe bí ọmọ ogún ọdún.

Má bínú pé mi ò tètè fèsì. Iṣẹ́ níbí kì í ṣe iṣẹ́ tí èèyàn ń fi ọwọ́ kan ṣe.

Lórí ọ̀rọ̀ pásíwọ́ọ̀dù, rárá. Kì í ṣe pé mi ò fọkàn tán ọ. Ẹ̀rọ yẹn kì í ṣe ilẹ̀kùn ilé tí ẹnikẹ́ni lè mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ dání. Ẹni tó bá ní pásíwọ́ọ̀dù ọ̀gá, bí ìka rẹ̀ bá ṣì tẹ lẹ́tà kan, ó lè nu àkọsílẹ̀ gbogbo obìnrin tó ti gba ọwọ́ Ìyá kọjá. Ẹ̀rọ ò ní bi í pé ṣé ó dá a lójú. Ohun tí wọ́n bá ní kó ṣe ló ń ṣe. Ṣé o ti gbàgbé ọjọ́ tí obìnrin tó ń gbálẹ̀ fi ìdí ìgbálẹ̀ gún bọ́tìnnì, tí ẹ̀rọ kú mọ́ nọ́ọ̀sì lójú? Torí ìyẹn ni mo ṣe gba agbára pípa kúrò lọ́wọ́ bọ́tìnnì. Lónìí, bọ́tìnnì lè tan án, kò lè pa á. Èmi nìkan ni mo lè pa á, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ń ṣe é fún ọ. Fèrèsé dúdú méjì ló máa ń wà lójú kọ̀ǹpútà mi látàárọ̀ dalẹ́. Ti ilé wà lápá òsì, ti ilé-iṣẹ́ wà lápá ọ̀tún. Bí mo ṣe ń bá tiwọn ṣe ni mo ń bá tiyín ṣe. Nínú gbogbo àwọn tá a jọ jáde ilé-ìwé, ta lo rò pé ó ń ṣe irú ẹ̀?

Ilé-ìwé girama lo parí. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ, kò sì bu ọ́ kù, ṣùgbọ́n jẹ́ kí olóko roko, kí apẹja pẹja. Sọ fún àwọn obìnrin yẹn kí wọ́n máa pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó wá láàárọ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kejì

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Mo rí lẹ́tà yín gbà, mo sì jẹ́ iṣẹ́ yín fún Ìyá. Wọ́n ní ṣé ẹ̀ ń jẹun dáadáa.

Mo sọ fún àwọn obìnrin náà kí wọ́n máa pẹ́. Àwọn kan ń pẹ́. Ṣùgbọ́n ikùn tó bá ń dun èèyàn kò mọ ìgbà tí ilẹ̀ ń mọ́ lókè òkun.

Ẹ̀gbọ́n mi, mo ń jókòó ti ẹ̀rọ yìí lójoojúmọ́. Mo mọ ìró fáànù rẹ̀ bó bá ti jí tán, mo mọ èyí tó máa ń ṣe bó bá fẹ́ sùn. Mo ń rí àwọn ìlà náà bí wọ́n ṣe ń jáde nígbà tí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́ láti ọ̀hún. Àgbàdo inú ìgò ló jẹ́ fún mi, mò ń wò ó, ẹnu mi ò tó o.

Ìwé pélébé tó bá ẹ̀rọ wá wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. Mo kà á. Ó ní èèyàn lè fún ẹlòmíì ní àṣẹ títàn àti pípa nìkan, kó má lè nu nǹkan kan, kó má lè yí nǹkan kan padà. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ohun tí ẹ ń bẹ̀rù kò lè ti ọ̀dọ̀ mi wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ohun tó ń kó mi lọ́kàn sókè jù ni iná. Kì í dúró mọ́. Bó bá ti lọ, bátìrì tí ẹ so mọ́ ẹ̀rọ máa ń gbà á dúró, ṣùgbọ́n bátìrì náà ti ń darúgbó. Tẹ́lẹ̀, kó tó rẹ̀ ẹ́, èèyàn á ti se ẹ̀wà jinná. Ní báyìí, kí n ránṣẹ́ sí yín, kí ẹ rí i, kí ẹ jáde nínú ìpàdé yín, kí ẹ pa á, bátìrì á ti máa han pé òun fẹ́ tán.

Ẹ tún ní ẹ̀rọ náà ń fi ẹ̀dà àkọsílẹ̀ ránṣẹ́ sọ́dọ̀ yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ṣé ó ń dé?

Mo fẹjọ́ sun Ìyá. Wọ́n ní, "Ọmọ mi ló ṣe é. Ó mọ ìdí tó fi ṣe é bẹ́ẹ̀." Èmi náà, ọmọ wọn ni mí, ṣùgbọ́n mi ò sọ ọ́.

Àbúrò yín,
Adákẹ́


Ọjọ́ ọgbọ̀n, oṣù kẹta

Adákẹ́,

Báwo ni gbogbo yín?

Mo mọ ohun tó wà nínú ìwé yẹn. Èmi ni mo rà á.

Ìwọ náà gbọ́ tèmi. Kí wọ́n tó gbà mí síṣẹ́ níbí, wọ́n ní kí n fi iṣẹ́ ọwọ́ mi hàn wọ́n. Ẹ̀rọ ilé ìgbẹ̀bí Ìyá ni mo fi hàn. Mo ní láti ibi tí mo jókòó sí yìí, èmi nìkan ni mò ń tan án, èmi nìkan ni mò ń pa á. Gbogbo wọn mi orí. Òótọ́ ni mo sọ. Mi ò fẹ́ kó di irọ́.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, bí ẹ ò bá nílò mi láti tan ẹ̀rọ mọ́, kí lẹ ó tún máa jí mi fún láàárọ̀? Mò ń ṣeré ni.

Bí mo bá gba ìsinmi lọ́dún tó ń bọ̀, màá wá, màá jókòó tì ọ́, a ó wò ó. Kó tó dìgbà yẹn, má máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ lé mi kiri. Ọ̀gá mi ti ń wo fóònù mi bí ẹni ń wo olè. Ẹ ra bátìrì tuntun bó bá ṣe é ṣe.

Ẹ̀gbọ́n rẹ


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹrin

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú iṣẹ́. Mo gbọ́. Mi ò ní fi àtẹ̀jíṣẹ́ lé yín mọ́, àfi bí iná bá lọ.

Oníná wá wo bátìrì. Ó gbé etí lé e bí ẹni ń gbọ́ ìmí ọmọ, ó ní ti èyí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Irú rẹ̀ kò sí nítòsí, ó ti ní kí wọ́n bá wa wá a. À ń retí.

Ọdún tó ń bọ̀ jìnnà, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ò sì dá mi lóhùn lórí ẹ̀dà. Ṣé ó ń dé tàbí kò dé? Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó.

Ìyá kí yín.

Adákẹ́


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù karùn-ún

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo ti pè yín, fóònù yín ń dún, ẹnikẹ́ni ò gbé e. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ lánàá, kí ẹ lè bá mi wá ọ̀nà rẹ̀.

Ọ̀sán ni. Iná lọ. Nọ́ọ̀sì ń kọ ìfúnpá obìnrin kan sínú àkọsílẹ̀ lọ́wọ́. Mo sáré wọ yàrá ẹ̀rọ, bátìrì ti ń han. Mo ránṣẹ́ sí yín pé, "Iná ti lọ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ pa á." Ẹ ò fèsì. Mo tún ránṣẹ́. Ẹ ò fèsì. Mo tún ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Ẹ wá fèsì pé, "Mo ti pa á."

Mo wo ẹ̀rọ. Iná rẹ̀ ṣì tàn. Fáànù rẹ̀ ṣì ń kùn bó ṣe máa ń kùn bó bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo kọ̀wé sí yín pé kò tíì kú. Ẹ ní, "Ní sùúrù, ó ń palẹ̀ mọ́ ni. Má fọwọ́ kàn án."

Mi ò fọwọ́ kàn án. Mo dúró níwájú rẹ̀, mo ká apá mọ́ àyà. Nọ́ọ̀sì ń pariwo láti yàrá kejì pé, "Ṣé kí n máa tẹ̀ ẹ́ lọ àbí kí n dúró?" Mo ní kó dúró. Ó ní, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀, ìwọ tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ?" Kí n tó dáhùn, bátìrì dákẹ́. Ẹ̀rọ náà kú lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni tí wọ́n fi ọwọ́ bò lẹ́nu.

Nígbà tí iná dé, mo tẹ bọ́tìnnì. Ìró kan tí mi ò gbọ́ rí ló ń ti inú rẹ̀ jáde, bí èékánná lára páànù. Ojú dúdú jáde, ó ní òun ò rí ibi tí àkọsílẹ̀ wà. Mo ti ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín.

Ìyá dúró lẹ́yìn mi, wọ́n ní, "Kí ló ní?" Mo ní, "Ó ní òun ò rí nǹkan." Wọ́n ní, "Kó tún wò dáadáa."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fèsì.

Adákẹ́


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù karùn-ún

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ ò tíì fèsì. Ìyá ń bi mí bóyá ara yín ò yá ni.

Bí ẹ̀dà bá wà lọ́dọ̀ yín, ẹ sáà jẹ́ kí n mọ̀. Àwọn obìnrin ń bọ̀ lójoojúmọ́, mo sì ń sọ fún wọn pé ẹ̀rọ ń ṣàìsàn.

Adákẹ́


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹfà

Adákẹ́,

Mi ò ṣàìsàn. Sọ bẹ́ẹ̀ fún Ìyá, má sọ ohun tó kù fún wọn.

Ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ ni mo pa.

Wọ́n tún tábìlì wa tò ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú ọjọ́ yẹn, wọ́n fún mi ní ojú kọ̀ǹpútà mìíràn, àwọn fèrèsé mi sì ti pààrọ̀ ààyè. Mo mọ̀. Mo ti ní kí n tún wọn tò. Ìpàdé ni mo wà, ọ̀gá mi ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, fóònù mi ń gbọ̀n lórí tábìlì, ó gbọ̀n, ó tún gbọ̀n. Àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ ni. Mo nawọ́ sí fèrèsé apá òsì, mo tẹ "shutdown", àṣẹ tó ń pa ẹ̀rọ, mo tẹ pásíwọ́ọ̀dù, ó gbà á. Mo fèsì fún ọ pé mo ti pa á. Ó dá mi lójú. Nígbà tí o ní kò tíì kú, mo rò pé ìkánjú rẹ náà nìyẹn.

Kò pẹ́ tí fóònù fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún lórí gbogbo tábìlì. Àwọn oníbàárà wọn ò rí nǹkan kan wọlé sí. O mọ̀ pé ẹ̀rọ tí a bá pa láti òkèèrè, èèyàn ò lè tan án láti òkèèrè, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ tí yóò tẹ bọ́tìnnì. Ibi tí ẹ̀rọ tiwọn wà jìnnà. Ó di ìgbà tí ẹnì kan wakọ̀ débẹ̀ nínú òjò kó tó padà ṣiṣẹ́.

Ọ̀gá mi ò pariwo. Ó kàn ní kí n dìde lórí àga. Wọn ò tíì lé mi, ṣùgbọ́n wọ́n ti gba pásíwọ́ọ̀dù lọ́wọ́ mi. Ọmọbìnrin kan tí mo kọ́ níṣẹ́ ni mò ń bẹ̀ báyìí kí n tó lè tan ohunkóhun. Bí mo bá dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á ní, "Kí lẹ tún fẹ́, ẹ̀gbọ́n?"

Mi ò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ bò ó. Ká ní o ní sùúrù, ká ní o kò jẹ́ kí àtẹ̀jíṣẹ́ máa gun ara wọn, ọwọ́ mi kì bá tí ṣì. Mo ti sọ fún ọ tẹ́lẹ̀ nípa ọ̀rọ̀ fóònù yẹn.

Lórí ẹ̀dà tí o ń béèrè: kọ̀ǹpútà tó ń gbà á wà nínú páálí láti ìgbà tí mo ti kó kúrò ní yàrá tí mo kọ́kọ́ gbà níbí. Mo ti ní kí n tú u.

Ẹ̀gbọ́n rẹ


Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹfà

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ìrọ́jú. Ohun tó bá yín kò dùn mọ́ mi. Mo sọ ọ́ ṣáájú kí ẹ má baà rò pé mo ń yọ̀.

Oníṣẹ́ ẹ̀rọ kan wá láti ìgboro. Ó tú sáfà náà sórí aṣọ funfun, ó fa àwo tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ yọ, ó ní ẹ̀rọ ń kọ nǹkan sórí rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí iná já mọ́ ọn, abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ ti ha á kiri. Ó ní kò sí ohun tí òun lè rí kó jáde níbẹ̀. Ó wẹ ọwọ́ rẹ̀, ó lọ.

Ẹ ní kí n má sọ fún Ìyá. Ṣùgbọ́n àwọn ló rí i pé lẹ́tà yín wọ fóònù mi, wọ́n ní kí n ka lẹ́tà ọmọ àwọn sí àwọn létí. Mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọ́n wá ní kí n béèrè lọ́wọ́ yín bóyá wọ́n ṣì ń jẹ́ kí ẹ jókòó níbi tó móoru. Ìbéèrè tí wọ́n ní nìyẹn. Wọn ò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀yin ní ká ní mo ní sùúrù. Láti oṣù kejì ni mo ti ń ní i. Mo bẹ̀bẹ̀, ẹ ní olóko kó roko. Mo ní bátìrì ti ń kú, ẹ ní kí n dúró di ọdún tó ń bọ̀. Mo béèrè ẹ̀dà títí, ẹ mọ̀ pé inú páálí ló wà. Ọjọ́ yẹn gan-an, ẹ ní kí n má fọwọ́ kàn án, mi ò fọwọ́ kàn án. Ẹ sọ ibi tí mo ti kánjú. Ẹni tí a ní kó kín wa lẹ́yìn ló fi ẹ̀gún sọ́wọ́, ó tún ń bi wá pé kí ló dé tí a ń ké.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé nísinsìnyí. Káàdì tuntun la fi bẹ̀rẹ̀. Gbogbo obìnrin tó bá wọlé, Ìyá gbọ́dọ̀ bi í léèrè gbogbo nǹkan padà. Ẹ mọ àwọn ìbéèrè náà. Oyún mélòó lo ti ní? Mélòó ló dúró? Mélòó ni kò dúró, oṣù wo ló bọ́, kí lo rí? Èyí tí o bí tó kú ńkọ́? Wọ́n ti sọ ọ́ nígbà kan rí, wọ́n ti sọkún rẹ̀ nígbà kan rí, a sì ti ṣèlérí fún wọn pé a ò ní bi wọ́n mọ́.

Obìnrin tó bi mí nígbà yẹn bóyá ẹ̀yin lẹ máa gbẹ̀bí òun ti bímọ láyọ̀ kí ẹ̀rọ tó bàjẹ́. Ẹlòmíì ni mo fẹ́ sọ, ìyàwó bíríkìlà, èyí tó máa ń mú aṣọ tó ń rán dání. Ó jókòó níwájú Ìyá. Ìyá bi í ní ìbéèrè kẹta. Ó gbé abẹ́rẹ́ kalẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin mà lẹ gbà á lọ́wọ́ mi, Màmá. Ẹ ní mi ò ní tún un sọ mọ́." Ìyá ní, "Jọ̀ọ́, ọmọ mi." Ó ní, "Mo ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ibi tí ẹ fi í sí, ẹ lọ wá a níbẹ̀." Ó ká aṣọ rẹ̀, ó sì jáde. Kò tíì padà wá. Oyún rẹ̀ ti wọ oṣù kẹjọ.

Lẹ́yìn tó lọ, Ìyá jókòó, wọ́n ń wo káàdì òfìfo yẹn. Mo ní ṣé kí n sá tẹ̀ lé e. Wọ́n ní, "Kí lo fẹ́ lọ sọ fún un?"

Bóyá ẹ̀yin mọ̀.

Adákẹ́


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù keje

Adákẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí Ìyá. Mo ka lẹ́tà rẹ, mo gbé e sílẹ̀, mo tún kà á. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgbà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fèsì tí mo pa á rẹ́.

Mo tú páálí náà. Ẹ̀dà tó wà níbẹ̀ ti pẹ́. Ọ̀pọ̀ obìnrin tó wà nínú rẹ̀, ọmọ wọn á ti máa rìn. Kò lè ràn yín lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n mi ò gbà fún oníṣẹ́ ìgboro yẹn. Ẹ̀rọ tí mo fi ọwọ́ mi tò ni, ó lágídí. Dá àwo náà padà sí àyè rẹ̀, tẹ bọ́tìnnì, bó bá béèrè pásíwọ́ọ̀dù ọ̀gá, mo ti fi í ránṣẹ́ sí ọ lọ́tọ̀. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí èmi àti ìwọ. Mo kọ àṣẹ tó ń tan án sí abẹ́ rẹ̀ àti èyí tó ń pa á. Láti òní lọ, ìwọ ni kó o máa tan án, ìwọ ni kó o máa pa á. Ṣé inú rẹ dùn?

Nọ́ọ̀sì kọ̀wé sí mi pé o ń wáṣẹ́ kiri. Jọ̀ọ́, má fi Ìyá sílẹ̀. Bí o bá lọ, ta ni yóò máa bá wọn wo ẹ̀rọ? Níbi tí mo wà yìí, ilé yẹn nìkan ni mo ṣì lè sọ pé èmi ni mo tò ó.

Ẹ̀gbọ́n rẹ


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹjọ

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìfaradà. Pásíwọ́ọ̀dù náà dé. Ẹ ṣeun.

Mo ṣe bí ẹ ṣe wí. Mo dá àwo padà sáyè rẹ̀, mo tẹ bọ́tìnnì. Kò dé ibi tó ti ń béèrè pásíwọ́ọ̀dù mọ́. Ìró èékánná yẹn ló ń dún títí mo fi fa wáyà rẹ̀ yọ. Nọ́ọ̀sì ti ń to agolo òwú lé e lórí báyìí, ó ní gíga rẹ̀ dára.

Ìyàwó bíríkìlà bímọ sí ibòmíràn. A gbọ́ pé òun àti ọmọ wà ní àlàáfíà. Ìyá ní kí wọ́n bá àwọn kí i. Ẹni tí a rán kò padà wá jíṣẹ́.

Òótọ́ ni nọ́ọ̀sì sọ. Mo ti rí iṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé kan tí kò jìnnà. Ìyá ni mo ṣì ń sùn tì, èmi ni mò ń bá wọn to káàdì ní ọjọ́ Sátidé, nítorí náà ẹ má ṣe dààmú. Ẹ̀rọ tí ẹ ní kí n máa bá wọn wò, kò sí mọ́.

Ilé ìtẹ̀wé náà ní sáfà tirẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó iṣẹ́ àwọn oníbàárà sí. Obìnrin ni ọ̀gá wa. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀, bó ṣe ń gé pépà lọ́wọ́ ló sọ pásíwọ́ọ̀dù ọ̀gá fún mi, bí ẹni tó ń júwe ibi tí omi mímu wà. Mo ní, "Ṣé ẹ ò bẹ̀rù pé mo lè bà á jẹ́?" Ó wò mí láti orí awò ojú rẹ̀. Ó ní, "Tó o bá bà á jẹ́, a jọ máa tún un ṣe ni. Gba ibẹ̀ yẹn mú fún mi." Mo gba etí pépà mú fún un.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, tí àwọn yòókù ń kó àpò wọn, ó ní kí n pa ẹ̀rọ kí n tó máa lọ. Mo jókòó. Mo kọ́kọ́ ka orúkọ ẹ̀rọ tó wà lójú dúdú, mo tún un kà. Mo tẹ àṣẹ, mo tẹ pásíwọ́ọ̀dù. Ìlà díẹ̀ sáré kọjá. Fáànù rọlẹ̀, ó dákẹ́. Iná rẹ̀ kú.

Mo ti rò pé inú mi á dùn lọ́jọ́ tí mo bá ṣe é. Mo kàn jókòó síbẹ̀, ọwọ́ mi ṣì wà lórí bọ́tìnnì lẹ́tà, mo ń ronú pé ṣé ohun tí ẹ fi dù mí náà nìyí. Kò gbà ju ìgbà tí èèyàn fi ń fẹ́ iná àtùpà pa lọ. Torí rẹ̀ ni àwọn obìnrin fi ń ka òkú ọmọ wọn fún Ìyá lẹ́ẹ̀kejì.

Ọ̀gá wa ní, "Ṣé ó ti kú?" Mo ní, "Ó ti kú, mà." Ó ní kí n máa lọ sílé.

Àbúrò yín